Ẹsẹ̀ Kẹta Alùpùpù

Ẹni tí ó bá dúró ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì, nígbà tí oòrùn bá ń rẹ̀ wálẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ sì ń ya jáde nínú bọ́ọ̀sì bí eṣú tí ó bà lé oko àgbàdo, yóò rí i pé oríṣi ènìyàn mẹ́ta péré ni ó ń rìn ní títì Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n: ọlọ́kọ̀, ẹlẹ́sẹ̀, àti ẹni tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí owó ọwọ́ rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti ẹlẹ́sẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí kò tíì sún mọ́ ti ọlọ́kọ̀ rárá. Ẹni àárín yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí lónìí, nítorí pé òun ni ó sọ alùpùpù di ọkọ̀ èrò, òun náà ni ó wá ẹsẹ̀ kẹta fún un nígbà tí ẹsẹ̀ méjì kò gba aya àti ọmọ mọ́; bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Òṣòdì ni ó ti kọ́kọ́ dá irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1903, ìwé ìròyìn òyìnbó kan, Motor Cycling, gbé àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti de àga onítáyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, W. J. Graham, ará Enfield, ti lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba láti ṣe irú rẹ̀ ní tòótọ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní sáídíkà nìyẹn. Baálé ilé a gun alùpùpù bí ẹni gun ẹṣin, ìyàwó a jókòó sínú apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ lórí itan, ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀ a dì mọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn, wọn a sì kọrí sí etíkun ní ọjọ́ ìsinmi. Kì í ṣe pé wọn kò mọ adùn mọ́tò, bí a kò bá rí àdán ni à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ní ọdún 1922, ní ìlú Blackpool, William Lyons àti William Walmsley dá ilé iṣẹ́ Swallow sílẹ̀ láti máa ṣe sáídíkà tí ó jojú ní gbèsè. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni ó yí padà di Jaguar, ọkọ̀ tí àwọn olówó Ìkòyí fi ń yangàn, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi máa ń rẹ́rìn-ín sínú bí mo bá rí Jaguar kan tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàárín kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta, tí ó ń fun fèrè mọ́ àwọn ẹbí rẹ̀.

Kí ni ó wá pa sáídíkà? Owó ni. Ọdún 1922 yẹn náà ni Austin Seven jáde, mọ́tò kékeré tí ẹni tí kì í ṣe ọlọ́rọ̀ lè dá àbá rírà rẹ̀. Nígbà tí Mini sì fi dé ní 1959, tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ti gòkè, ẹni àárín kó aya àti ọmọ kúrò nínú apẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sínú mọ́tò, kò sì sí ọlọ́pàá kankan tí ó lé e kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Alùpùpù tún ní ẹ̀wù tí wọ́n ń wọ̀ fún un, féríǹgì ni orúkọ rẹ̀, páànù tàbí ike líle tí wọ́n fi ń bo iwájú rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà fà á sẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn asáré ìje sọ ẹ̀wù yìí di agbádá: wọ́n fi bo alùpùpù láti orí dé táyà iwájú, ó rí roboto bí agolo ìdalẹ̀sí, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ nìyẹn. Eré rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́, ó lè gbé ẹni tí ó gùn ún ṣánlẹ̀. Nígbà tí ìdíje ọdún 1957 parí, àjọ àgbáyé tí ń ṣàkóso eré ìje alùpùpù fòfin de agbádá náà. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òfin: agbádá ni wọ́n bọ́, wọn kò lé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kúrò lójú pápá. Wọ́n gbà kí alùpùpù wọ bùbá tí kò bo táyà, eré ìje ń bá a lọ, títí BMW fi ta èyí tí ó wọ ẹ̀wù pípé fún ará ìlú lásán ní 1976.

Ní tiwa, kì í ṣe etíkun ni à ń lọ. Ní ọdún 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ní 1986, ìjọba ológun Ibrahim Babangida mú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí SAP wọlé, náírà wó lulẹ̀ bí ọ̀pẹ tí ààrá sán pa, wọ́n dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì, mọ́tò tuntun sì di ohun tí a kàn ń fi ojú wò. Alùpùpù tí akọ̀wé ń gùn lọ sí ọ́fíìsì, tí tíṣà ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bọ́ síta láti máa gbé èrò. Ará Èkó kì í sì í jẹ́ kí ìyà gba ẹ̀rín lẹ́nu òun: orúkọ Okada Air, ilé iṣẹ́ bàálù tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni wọ́n fi pe alùpùpù èrò, kí ẹni tí kò lówó bàálù náà lè sọ pé òun wọ ọ̀kadà. Ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 1997. Orúkọ rẹ̀ ṣì ń sáré lórí táyà méjì.

Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kẹta dé. Láyé Buba Marwa, ológun tí ó ṣàkóso Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbilẹ̀, tí ó ń jẹ́ Márúwá títí di òní. Ètò NAPEP tí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé kalẹ̀ ní 2001 láti lé òṣì jìnnà sì sọ ọ́ lórúkọ kejì. Òṣì kò jìnnà, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ pọ̀. Inú àìní bí ti sáídíkà ni ìran rẹ̀ náà ti jáde: ní Ítálì, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Corradino D'Ascanio, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú, ni ó ṣe Vespa fún ilé iṣẹ́ Piaggio ní 1946, ìyẹn ni Agbọ́n; ní 1948 wọ́n bí Ape lé e, ìyẹn ni Oyin, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ń ru ẹrù fún ìlú tí ogun ti tú lápò. Bajaj ti Íńdíà gba àṣẹ lọ́wọ́ Piaggio lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ Bajaj sì kún Ìsọlọ̀. Ẹni tí ó bá ti gun ọ̀kan kọjá nínú kòtò Mafolúkù mọ̀ pé oyin yìí ń ta ju agbọ́n lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ṣú, tí àwọn oníṣòwò ń ti ọjà Aswani bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Òṣòdì. Ẹ̀yìn ti kún, awakọ̀ sì sún díẹ̀ lórí àga tirẹ̀ kí n lè fi ìdí ẹ̀gbẹ́ kan jókòó. Mo kùn. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Àwọn mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn un, ti ẹni tí ó ni kẹ̀kẹ́ ni, ti epo ni, ti tíkẹ́ẹ̀tì àwọn agbèrò ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí ni oúnjẹ mi.”

N kò rí onímọ̀ ọrọ̀ ajé tí ó la ètò ìnáwó yé mi tó báyìí rí. Háyà-pọ́ṣéèsì ni wọ́n fi gbé kẹ̀kẹ́ náà fún un. Yóò máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òjò ni o, ẹ̀rùn ni o, nígbà tí ó bá sì fi san án tán, iye rẹ̀ á ti ju èyí tí olówó kà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ á ti gbó. Kò gbọdọ̀ yẹ̀, nítorí ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbèje. Àga ẹ̀gbẹ́ tí òyìnbó de mọ́ alùpùpù fún aya rẹ̀, ìdajì ìdí awakọ̀ ni a fi ṣe tiwa.

Ọ̀kadà ni ìbá gbé mi tẹ́lẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, wọ́n pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Lẹ́kí nítorí ìjà tí ọgọ́rùn-ún náírà dá sílẹ̀ láàárín òun àti ọlọ́kadà. Ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, òfin náà dé Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Múṣín, Ṣómólú àti Kòsọ́fẹ́. N kò ní gbèjà ìwà ẹhànnà; ẹni tí ó bá ti kí aláìsàn ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì mọ ohun tí eré àsápajúdé ń ṣe fún itan ọmọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nílẹ̀ òyìnbó, owó ni ó kó ẹni àárín kúrò lórí alùpùpù, ó sì gbé e sínú mọ́tò. Níhìn-ín, òfin sọ ọ́ kalẹ̀, owó kò sì tíì dé láti gbé e, bí kò ṣe pé kí ó wọ Legedez-Benz rẹ̀, ìyẹn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, láti Òṣòdì dé Mafolúkù, tàbí kí ó sanwó lé owó fún kẹ̀kẹ́ tí èrò ń jà lé lórí.

Kí a tó dé Ilasamàjà, òjò bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ẹ̀yìn fa tápólì tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìbòrí, féríǹgì tiwa nìyẹn, ó sì dáàbò bò wọ́n dáadáa; ṣùgbọ́n kò dé iwájú, nítorí pé ẹni tí ó rán an kò ka ẹni kẹrin mọ́ èrò. Nígbà tí mo sọ̀ ní Ìsọlọ̀, apá kan ara mi gbẹ, apá kejì tutù rinrin. Bí mo ti ń wá owó nínú àpò, ọkùnrin kan ti di irin ìbòrí mú, ó ti gbé ìdí lé ibi tí mo dìde, ọmọkùnrin náà sì ń sún díẹ̀.