Ajá Àgbà Tí Olówó Rẹ̀ Kò Sí Mọ́

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Gbogbo wa ni a gbọ́ òwe yìí dàgbà, a sì ti fi bá ọ̀pọ̀ ọmọ aláìgbọràn wí. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ajá kan wà tí òwe náà kò ro tirẹ̀ mọ́ ọn. Ajá yìí ti ń jẹ́ fèrè ọdẹ fún bí ọdún mẹ́wàá kí etí rẹ̀ tó di nítorí ogbó. Kì í ṣe oríkunkun ni kò jẹ́ kí ó dáhùn mọ́. Irú ajá bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí wọ́n pọ̀ ní Adido ju bí a ti ń fẹ́ gbà lọ.

Ilẹ̀ ọdẹ ni ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́. Láti ẹsẹ̀ àwọn òkè wa títí dé etí odò Òkpárá, ọdẹ tí ń wọ igbó láìmú ajá dání kò pọ̀. Ajá ni ó ń gbóòórùn ẹran, òun ni ó ń lé e jáde nínú ihò, òun náà ni ó sábà máa ń rí ejò kí ẹsẹ̀ ọdẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹran bá délé, a ó pín in: ti ọdẹ, ti ìyàwó, ti àgbà ilé. Egungun ni ti ajá, kò sì ráhùn. Nígbà tí eyín rẹ̀ bá wá ká, tí ẹyinjú rẹ̀ funfun bí ẹni pé a ta omi ògì sí i, iṣẹ́ tán, egungun náà sì tán. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ajá kò ní irú ìrètí yẹn, nítorí a ti pín àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri láti ìgbà tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọdẹ fúnra rẹ̀ bá ṣáájú ajá kú. A máa ń pín ìbọn, a máa ń pín oko, a máa ń bá ara wa jà lórí ilẹ̀. A kò tíì dé ìpàdé ẹbí kan tí wọ́n ti béèrè pé ta ni yóò mú ajá. Ajá á máa sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti tì pa. Kí oṣù kan tó pé, ó ti di ajá ìgboro, àwọn ọmọdé a sì máa sọ ọ́ lókò. Lẹ́yìn náà ni oníṣòwò kan á dé lórí alùpùpù, tòun ti okùn, á ná an. A kò sọ̀rọ̀ ẹni tí ń jẹ ẹran ajá ní búburú, a sì mọ̀ pé ẹran Ògún ni ajá láti ayébáyé. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé ẹni tí ó bá wa ṣiṣẹ́ títí ó fi gbó ni a ń fà lé àjèjì lọ́wọ́, tí ó sì ń ju ìrù bí ó ti ń lọ.

Ẹ̀yìnlàárò ni orúkọ ajá tí ó wà ní agbolé wa báyìí. Ọdẹ kan ní àdúgbò wa ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé àwọn baba wa a máa fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí aládùúgbò, kí wọ́n lè pè é kíkankíkan ní ìrọ̀lẹ́ láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ọdẹ náà kú nígbà ọyẹ́. Ọmọ rẹ̀ kan wà ní Cotonou, èkejì wà ní Ìbàdàn, kò sì sí èyí tí ó lè mú ajá arúgbó sínú yàrá tí ó háyà. Opó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ó ránṣẹ́ pè wá.

« Ẹ̀yin ọmọ mi, wọ́n ti wá ná an lẹ́ẹ̀mejì. Owó náà kò burú, mo sì nílò owó. Ṣùgbọ́n lóru, bí mo bá gbọ́ tí ó ń mí lẹ́nu ọ̀nà, a máa ṣe mí bí ẹni pé bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti igbó dé ni. »

« Ìyá, ẹ má tà á. A ó wá mú un. »

A kò san owó ajá, ṣùgbọ́n a kó iṣu ránṣẹ́ sí wọn, nítorí pé kí opó kọ owó oníṣòwò kì í ṣe ohun kékeré.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò fẹnu kan oúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó já okùn padà sílé opó náà, bí ojú rẹ̀ ti ṣú tó. Ìyá Àgbà ni ó rí ojútùú rẹ̀: ó mú ẹ̀wù ọdẹ olóògbé tí ó ti gbó, tí wọn kò tíì fọ̀, ó ní kí a tẹ́ ẹ fún un. Ajá gbóòórùn aṣọ náà títí, ó yí po lórí rẹ̀, ó sùn. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń jẹun.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gba irú ajá bẹ́ẹ̀ ní ohun díẹ̀ láti mọ̀. Ajá tí kò ríran mọ́ ń fi imú àti ẹsẹ̀ mọ ilé; kí a má ṣe máa ṣí odó àti ìkòkò nípò lójoojúmọ́. A kì í fọwọ́ kan ajá tí ó di etí lójijì lójú oorun, nítorí ẹ̀rù lè mú kí ó géni jẹ. Ẹ fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, yóò mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀kọ tí a fi ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ pò tó o, kí omi má sì wọ́n ọn. Kí a máa yọ eégbọn lára rẹ̀. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ajá àgbà ti kọ́ ohun tí ó ní í kọ́: kò jẹ bàtà, kò lé adìẹ. Àbíkẹ́yìn ilé wa, tí ó máa ń sá fún gbogbo ajá, ti ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀yìnlàárò, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ẹni yìí kì í ṣe àtúnṣe fún òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Àwọn ọmọ kíláàsì wa ń ka ìtàn Odysseus tí Homer kọ, ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́. Nígbà tí akọni náà padà sílé lẹ́yìn 20 ọdún, ó fi aṣọ alágbe para mọ́, kò sì sí ẹni tí ó dá a mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Argos, ajá rẹ̀, tí ó ti gbó, tí ó dùbúlẹ̀ sórí ààtàn tí eégbọn sì bò ó, ni ó mọ̀ ọ́n. Ó ju ìrù, ó sì kú. Homer sọ ìdí tí ajá náà fi di ẹlẹ́gbin: olówó rẹ̀ kò sí nílé, àwọn ẹrú kò sì náání rẹ̀. Bí ọmọ kíláàsì wa kan bá dé orí gbólóhùn yìí, a kì í ní í ṣàlàyé púpọ̀. Adido ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ẹ sì wo ti Hachikō ní Japan. Olùkọ́ ni olówó rẹ̀, Ueno, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Tokyo. Ó kú níbi iṣẹ́ ní oṣù karùn-ún 1925. Títí di oṣù kẹta 1935, nígbà tí ajá náà kú, ó ń lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀ ojú irin Shibuya. Àwa tí a ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ̀ẹ́ lè fojú inú wò ó. Ohun tí a kì í sábà sọ nínú ìtàn náà ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ará ibùdókọ̀ fi ń lé e, tí wọ́n ń nà án. Ìgbà tí ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀ ní 1932 ni ojú wọn tó là. Ní 1934 wọ́n yá ère rẹ̀. Kí ó tó di ère, ajá ìgboro ni.

Ní ilẹ̀ Faransé, ẹgbẹ́ Société protectrice des animaux ti wà láti 1845, ó sì ní àwọn ilé tí ó ń kó ajá tí a pa tì sí. Láti 2022, òfin ibẹ̀ ní kí ẹni tí ó fẹ́ mú ajá fún ìgbà àkọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí ó sì dúró fún ọjọ́ 7 kí wọ́n tó fà á lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ 7 náà wù wá ju ilé ńlá náà lọ. Agbolé wa ti tó ilé ààbò fún ajá kan. Àròjinlẹ̀ ni ó ṣọ̀wọ́n.

Àròjinlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ kan àrùn dìgbòlugi, èyí tí àwọn ará Faransé ń pè ní la rage. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dún, pé mẹ́rin nínú mẹ́wàá wọn jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Láti ẹnu ajá ni ó ti ń wá ju ibòmíràn lọ. Bí àmì rẹ̀ bá ti lè hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́. Nítorí náà, ajá tí a bá gbà, kí a kọ́kọ́ mú un lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kódà bí ó bá jẹ́ arúgbó. Bí ajá bá sì gé ọmọ jẹ, kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe fi ata tàbí àgúnmu dí egbò. Láti 1885 tí Pasteur ti fún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, ní abẹ́rẹ́ yìí ni ọ̀nà àbáyọ ti wà.

Àwọn kan ń bi wá pé: nígbà tí ọmọ ènìyàn kò jẹun yó, ẹja wo ni a ó fún ajá? Ìbéèrè náà tọ́, a kì í sì í fi ojú ẹ̀gàn wo ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó má gbà á. Jíjù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n òkò tí a kò sọ kò náni ní nǹkan kan, ọ̀dọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ sì lè bu omi sẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ̀yin tí ajá yín ti ń hu irun funfun lẹ́nu: ọyẹ́ ń bọ̀, àwọn ọmọ yín yóò sì wálé fún ọdún. Nígbà tí ẹ bá jókòó tán tí ẹ ń sọ ti oko àti ti ilẹ̀, ẹ pe orúkọ ajá náà pẹ̀lú, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò mú un.