Àlejò Òní, Onílé Ọ̀la

Ní ọjọ́ kan, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ àròkọ lórí "Ìlú Mi". Èjìgbò tí ó wà lẹ́bàá Ìsọlọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé bí a bá fẹ́ kí ìlú wa tòrò, kí a kọ́kọ́ lé gbogbo àlejò lọ. N kò bá a wí. Mo ní kí olúkúlùkù dìde, kí ó sì sọ ìlú tí bàbá rẹ̀ àgbà ti ṣẹ̀ wá. Ẹnì kan dárúkọ Ìjẹ̀bú-Òde, òmíràn ní Ọ̀wọ̀. A gbọ́ Ẹnúgu, a gbọ́ Kútọnu, a sì gbọ́ Accra. Nínú ogójì ọmọ tí ó wà níbẹ̀, mẹ́ta péré ni ó lè sọ pé Èjìgbò yìí gan-an ni orírun àwọn. Nígbà tí ó kan ẹni tí ó kọ àròkọ náà, ó wo ilẹ̀, ó ní Ìṣẹ́yìn ni. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé èrò tí ọmọ náà kọ sílẹ̀ ń bẹ lọ́kàn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn Àwórì ni ó tẹ Èjìgbò wa dó. Àwọn àgbà wọn a máa pa á ní ìtàn pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni Ògúnfúnminíre ti gbéra, tí ó ń tọ àwo kan tí a gbé lé ojú omi lẹ́yìn, títí àwo náà fi rì, tí ó sì tẹ̀dó. Nínú "àwo rì" yìí ni wọ́n sọ pé orúkọ Àwórì ti jáde. Ẹ ò rí i pé àwọn tí a ń pè ní onílẹ̀ pàápàá, ìrìn àjò ni ó bí orúkọ wọn? Kò sí ìlú tí ó hù láti inú ilẹ̀ bí olú. Ẹnì kan ni ó kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀, tí ẹlòmíràn sì wá bá a.

Ẹ wá wo Èkó fúnra rẹ̀. Balógun Òṣòdì, akíkanjú olóyè ogun Ọba Kòsọ́kọ́, ọmọ Tápà ni. Kékeré ni ó ti dé Èkó. Àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí Àgbádárìgì ní 1839. Ẹrú tí a gbà sílẹ̀ lójú òkun àti ọmọ irú ẹrú bẹ́ẹ̀ ni wọ́n. Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí a kó ní ìgbèkùn ní Òṣogùn ní 1821, tí ó sì dé Freetown ní 1822, ni ó tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, tí ó sì jẹ́ aṣíwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Thomas Babington Macaulay, tí a bí ní Sàró, ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsíìlì dé ni bíríkìlà àti káfíńtà tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn sọ Èkó di ìlú ẹlẹ́wà. Mọ́sálásí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894, owó Mohammed Shitta Bey tí a bí ní Sàró ni a fi kọ́ ọ. João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà, ni ó sì kọ́ ọ. Bí a bá yọ iṣẹ́ ọwọ́ àlejò kúrò nínú Èkó, mélòó ni yóò kù?

Ṣùgbọ́n àwa náà ti jẹ́ àlejò rí, ojú wa sì ti rí nǹkan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá: oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìnísà, àti láti Èjìgbò kejì, èyí tí ó wà ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun, tí àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ ní Abidjan títí di òní. Ẹlòmíràn wà nínú wọn tí a bí sí Kumasi tàbí Tamale, tí kò mọ ibòmíràn nílé. Ilé tí wọ́n kọ́, ọjà tí wọ́n tà láwìn, òkú àwọn òbí wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Àwọn tí ó dé ilé bá ìbátan tí kò mọ̀ wọ́n.

Ó yẹ kí ìyà yẹn ti kọ́ wa lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò kọ́ wa. Ní oṣù Kìíní, 1983, ìjọba Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù, wọ́n sì lé ní ọ̀kẹ́ àìmọye. Ọ̀gá kan tí ó kọ́ mi ní ìwé sọ fún mi pé olùkọ́ ìṣirò òun, ọmọ Gánà, gbé ẹfun sílẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́, ó dágbére fún wọn, kò sì padà mọ́. Ọdún náà ni wọn kò rí ẹni kọ́ wọn ní ìṣirò. Gbogbo ohun tí ó kù lẹ́nu wa lónìí nípa ọ̀ràn náà ni orúkọ báàgì kan, "Ghana Must Go", tí a sì ń fi ṣe ẹ̀rín. Ẹrù ẹkún ni báàgì yẹn gbé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé àlejò ni ó sọ owó ilé di ọ̀wọ́n, pé olè wà nínú wọn, àti pé bí a bá gba gbogbo ayé mọ́ra, onílẹ̀ yóò di ẹrú nínú ilé bàbá rẹ̀. N kò ní pè wọ́n ní òpùrọ́. Èjìgbò kún, ọ̀nà rẹ̀ há, àwọn ìdílé kan sì wà tí wọn kò ní ilẹ̀ mọ́ níbi tí bàbá wọn ti ń dáko. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ta ni ó ta ilẹ̀? Ta ni ó ń gba owó ilé? Bí a bá sì mú olè, kí a fi ìyà olè jẹ ẹ́. Kí a má ṣe fi ìyà ìlú tí ó ti wá jẹ ẹni tí kò jalè.

Àlejò náà ní ojúṣe tirẹ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nítorí náà kí ó bi onílé léèrè. Kí ó kọ́ èdè ibi tí ó dé, kí ó bọ̀wọ̀ fún ọba àti àwọn ìjòyè, kí ó san owó orí. Àlejò tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti kúrò ní ẹni tí à ń fara dà; ó yẹ ní ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, 2002, nígbà tí àgbá bú ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá lọ nínú òkùnkùn, wọ́n sì ṣubú sínú odò tí a gbẹ́ ní Òkè-Àfà, lẹ́bàá wa níhìn-ín. Omi náà kò béèrè ẹni tí í ṣe onílẹ̀ àti ẹni tí í ṣe àjèjì. Ibi ìrántí wọn wà níbẹ̀ títí di òní, gbogbo wọn papọ̀. Ṣé ikú nìkan ni yóò máa kó wa jọ ni?

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbàdúrà láti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà. Ẹ ó sì fẹ́ kí onílé ibẹ̀ fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe fún yín lókè òkun, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lónìí fún ọmọ Kútọnu tí ó jókòó tì yín lórí bẹ́ńṣì.