Àwo Kékeré Láti Inú Ilé Tó Ẹ̀bùn

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń bọ́ gbogbo ẹ̀dá láì gbowó oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìdáná ni. Ẹlòmíì lè ní kí ló pa alífáà pọ̀ mọ́ ìkòkò. Ó kàn mí, nítorí pé ní Ìbàfò níbí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ọ̀rọ̀ ìkòkò ló ń dá àwọn kan dúró nínú wọn. Lọ́dọọdún la máa ń rí ọmọ tó ti ka Àlùkùrání parí, tó mọ ibi tí wọ́n ti ń fa ohùn àti ibi tí wọ́n ti ń dánu dúró, ṣùgbọ́n tí kò ní lè jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ wòlímọ̀. Kì í ṣe pé kò mọ̀ ọ́n kà. Òbí rẹ̀ ló ní òun kò tíì rí owó ìrẹsì, owó ẹran, owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àti owó ike tí wọn yóò kọ orúkọ ọmọ sí lára láti fi ta àlejò lọ́rẹ. Wọn á ní, "Alífáà, ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀." Ọdún tó ń bọ̀ á dé, ọjà á tún ti gbówó lórí ju ti àná lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà ọdún. Ìyá tó máa ń gbé àwo oúnjẹ ránṣẹ́ sí ilé mẹ́ta mẹ́rin nígbà Ìtùnú Ààwẹ̀ ti dáwọ́ dúró, nítorí ó rò pé ohun tó wà nílé òun kò tó ohun tí èèyàn ń gbé jáde. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sí ilé tí kò mọ̀ ọ́n lára. Owó ọkọ̀ láti Ìbàfò dé Bágà wọ́n, gáàsì ìdáná wọ́n, ìrẹsì wọ́n. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé bí owó ṣe ń dín kù lápò wa, à ń jẹ́ kí ọrẹ náà dín kù láàárín wa. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Èrò tèmi rèé: oúnjẹ kékeré tí a fi ọwọ́ ara wa sè nílé, tí kò náni lówó púpọ̀, ẹ̀bùn pípé ni níwájú Ọlọ́hun. Kò dín ní ohunkóhun. Ohun tó yẹ kó máa tì wá lójú ni ẹ̀bùn tí a fi gbèsè rà.

Kí ni Ànábì wa ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wo ìgbéyàwó Ànábì wa Muhammad (ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá a) pẹ̀lú Ìyá wa Safiyya, ní ọdún keje lẹ́yìn hijra, nígbà tí wọ́n ń ti Khaybar bọ̀. Anas ọmọ Mālik tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́, ó sì wà nínú àkójọ Bukhari, pé kò sí búrẹ́dì, kò sí ẹran níbi wòlímọ̀ ọjọ́ náà. Awọ ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n kó dàbínù, wàrà gbígbẹ àti òrí màlúù sórí rẹ̀, àwọn èèyàn sì jẹ. Wòlímọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun nìyẹn o, ẹni tó lọ́lá jù lọ nínú ẹ̀dá.

Nígbà tí ó fẹ́ Ìyá wa Zaynab, Ummu Sulaym tó jẹ́ ìyá Anas po dàbínù pọ̀ mọ́ òrí àti wàrà gbígbẹ, oúnjẹ tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní hays. Ó bù ú sínú abọ́ kan, ó rán ọmọ rẹ̀ pé kó gbé e lọ fún Ànábì, kó bá òun kí i, kó sì sọ pé nǹkan kékeré láti ọ̀dọ̀ àwọn ni. Ànábì kò wo kíkéré rẹ̀. Ó ní kí Anas lọ pe àwọn èèyàn wá. Ẹni tó tó ọ̀ọ́dúnrún ló jẹ nínú abọ́ kan ṣoṣo yẹn, mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń wọlé. Anas ní nígbà tí wọ́n gbé abọ́ náà kúrò, òun kò mọ̀ bóyá ìgbà tí òun gbé e kalẹ̀ ló kún jù ni àbí ìgbà tí òun gbé e kúrò. Muslim ló gbà á wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ohun tí ìyá yìí ṣe. Kò sá lọ yá owó. Kò dúró títí tí yóò fi ní àgùntàn. Ohun tó wà nílé ló pò pọ̀, ó fi sálámọ̀ lé e lórí, ó gbé e ránṣẹ́. Ìbùkún ló sọ ọ́ di púpọ̀.

Mi ò ní kí olówó má pa ẹran o. Ànábì náà pa àgùntàn lórí ìgbéyàwó Zaynab, ó sì gba ‘Abdur-Rahmān ọmọ ‘Awf níyànjú pé kó se wòlímọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àgùntàn kan ni. Ẹni tó ní, kó ṣe é, kó sì rántí aláìní. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́ ni mò ń wí. Nínú Sūratul-Furqān, Ọlọ́hun yin àwọn ẹrúsìn Rẹ̀ tí wọn kì í ná ìná àpà, tí wọn kì í sì í háwọ́, tí wọ́n dúró láàárín méjèèjì.

Aládùúgbò wa dà?

Ìbàfò àti Mówè ti yí padà. Èèyàn ń ti Èkó wá kọ́lé síbí, wọ́n ń ti ìlú mìíràn wá háyà ilé. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ọ̀pọ̀ ti ń gba títì márosẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, alẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Ògiri ga, géètì wà ní títì. Àwọn kan ti gbé ojú kan náà fún ọdún mẹ́ta tí wọn kò mọ orúkọ ara wọn. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, Kristẹni wà níbẹ̀.

Ẹ̀sìn wa ti kọ́ wa ní ohun tí a fi ń ṣí irú géètì bẹ́ẹ̀. Ànábì pàṣẹ fún Abu Dharr pé bí ó bá ń se ọbẹ̀, kó fi omi kún un, kó sì rántí àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó kọ̀ fún àwọn obìnrin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré ẹ̀bùn aládùúgbò rẹ̀, ì báà jẹ́ pátákò àgùntàn. Nígbà tí Ìyá wa ‘Ā’isha bi í pé ta ni kí òun kọ́kọ́ fún nínú aládùúgbò méjì, ó ní ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sún mọ́ ọ jù ni. ‘Abdullāh ọmọ ‘Amr pa ẹran nílé rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá wọ́n ti fún aládùúgbò wọn tó jẹ́ Yàhúdí. Nítorí náà, Kristẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ ní ẹ̀tọ́ sí àwo tìrẹ.

Kí la lè sè?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí ohun tí ọwọ́ lè tẹ̀.

Àkàrà ni àkọ́kọ́. Kóńgò ẹ̀wà kan, bí ẹ bá fi ṣíbí kékeré bù ú sínú epo, àkàrà tí yóò jáde yóò ju àádọ́ta lọ. Ẹ rẹ ẹ̀wà náà, ẹ bó o, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, kí omi rẹ̀ má pọ̀. Ẹ pò ó dáadáa kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́ kí ẹ tó dín in. Pípò yẹn ló ń jẹ́ kó wú.

Ààdùn kò ná èèyàn ní gáàsì púpọ̀. Ẹ yan àgbàdo gbígbẹ nínú agbada títí yóò fi máa ta sánsán, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ pò ó mọ́ epo pupa díẹ̀ àti iyọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó dùn á fi oyin tàbí ṣúgà sí i. Ẹ dì í sínú ewé tàbí ọ̀rá mímọ́, ó ti di ẹ̀bùn.

Ṣínṣín: ìyẹ̀fun kílò kan, ṣúgà ìdá márùn-ún kílò, bọ́tà tí kò tó ìyẹn, ẹyin méjì, iyọ̀ díẹ̀, omi tàbí mílíìkì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbá jọ. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dín in nínú iná tí kò le jù. Kó tutù pátápátá kí ẹ tó dé e sínú ike. Bí ẹ bá dé e ní gbígbóná, yóò rọ̀, yóò sì bu.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n jù, tí a fẹ́ dànù, ni àwọn ará Ìkirè ń fi ata àti iyọ̀ pò tí wọ́n ń dín di dòdò Ìkirè. Ẹ wo bí ọgbọ́n ṣe ń sọ ohun ìdànù di ohun ọrẹ.

Bí àlejò bá fẹ́ mu nǹkan, ẹ se sóbò. Ẹ fi atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí ẹ ti fọ̀ mọ́ sè é, ẹ fi dàbínù lílọ̀ sí i dípò ṣúgà. Ọjọ́ tí ẹ bá sè é ni kí ẹ mu ún bí kò bá sí fíríìjì, torí kì í pẹ́ kan.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà ńkọ́? Ìlú Ọ̀fàdà kò jìnnà sí Mówè, inú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé kan náà la wà. Kò pọ̀n dandan kó jẹ́ ìkòkò ńlá. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí a wé sínú ewé eéran, tí ata díndín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀bùn tí onílé kò ní gbàgbé ni.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan wà níbí. Ohun tí kò wọ́n yàtọ̀ sí ohun tó ti bàjẹ́. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Sūratul-Baqarah pé kí a má ṣa ohun búburú tí àwa fúnra wa kò lè gbà, ká máa fi tọrẹ. Oúnjẹ àná tó ti ń kan kì í ṣe sàárà. Ẹ fọ ìgò àti ike dáadáa, ẹ bo oúnjẹ mọ́ eṣinṣin. Bí ẹ bá fi ẹ̀pà sí nǹkan, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ ń fún, torí ara àwọn ọmọ kan kì í gba ẹ̀pà.

Wọ́n á ní ahun ni wá

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Wọ́n á ní ta ló ń fi àkàrà se wòlímọ̀ láyé òde òní. Èsì mi ni pé owó lè pa ọbẹ̀ kó dùn, kò lè pa á kó ní ìbùkún. Àwọn àgbà Ẹ̀gbá ti wí i tipẹ́: ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ẹni tó bá yá owó lórí fóònù, tó ń san èlé lé e, nítorí kó lè pín ike níbi tí ọmọ rẹ̀ ti parí Àlùkùrání, kó rántí ohun tí Àlùkùrání náà sọ nípa èlé. Báwo la ṣe fẹ́ fi ohun tí Ìwé kọ̀ ṣe ayẹyẹ Ìwé?

Ojúṣe ẹni tí a fún náà ń bẹ. Bí wọ́n bá gbé àwo wá, má ṣí i wò tán kí o wá yínmú. Ṣe àdúrà fún onítọ̀hún. Ànábì a máa gba ẹ̀bùn, a sì máa san án padà. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ dá abọ́ padà lófìfo. Bí kò ju ata díẹ̀ tàbí ọsàn méjì lọ, ẹ fi sí i.

Àbá mi fún àwọn ilé-kéwú àti àwọn òbí ní agbègbè wa, láti Ìbàfò dé Mówè dé Ifọ̀, kò le. Ẹ jẹ́ ká yọ ike àti oúnjẹ ńlá kúrò nínú ohun tí a ń béèrè kí ọmọ tó jókòó wòlímọ̀. Kí ilé kọ̀ọ̀kan gbé ohun tí agbára rẹ̀ ká wá: ẹni kan àkàrà, ẹni kan ààdùn, ẹni kan sóbò. Ká kó o pọ̀ sórí tábìlì kan, kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tó jẹ́ ti olówó àti èyí tó jẹ́ ti tálákà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn bá wa dáná, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ara wọn tọrẹ. Ohun tí a ó béèrè lọ́wọ́ ọmọ lọ́jọ́ náà kò gbọ́dọ̀ ju pé kó ṣí Àlùkùrání, kó kà á ká gbọ́.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sínú ìkòkò wa, kí Ó yọ wá nínú gbèsè, kí Ó má jẹ́ kí àìní dí wa lọ́wọ́ oore. Àmín. Wa s-salāmu ‘alaykum wa rahmatullāh.