Oyè Ilẹ̀-Ọba Gẹ̀ẹ́sì: Ilẹ̀-ọba ti tú, orúkọ rẹ̀ kò kú

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ dá lọ́lá jáde: ní ọdún tuntun àti ní ìgbà àjọ̀dún ọjọ́ ìbí ọba. A ti rí orúkọ ọmọ Yorùbá níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. MBE, OBE àti CBE ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù nínú àwọn oyè náà. Lẹ́tà B àti E tó wà nínú wọn, Ilẹ̀-Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n dúró fún. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, níbo ni ilẹ̀-ọba ọ̀hún wà lónìí?

Ọba George Karùn-ún ló dá oyè náà sílẹ̀ ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún 1917, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ń jó lala. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn àgbà ológun, àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn tó ń ṣojú ọba nílẹ̀ òkèèrè ni oyè wà fún. Oyè tuntun yìí ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n fi iṣẹ́ wọn ran ogun náà lọ́wọ́, àti fún àwọn obìnrin. Ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Obìnrin náà sì lè jẹ èyí tó ga jù.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àbàwọ́n fi bá ètò oyè ilẹ̀ náà. Nígbà tí David Lloyd George ń ṣe olórí ìjọba, ìròyìn gbòde pé owó ni àwọn kan fi ń ra oyè. Èyí ló bí òfin ọdún 1925 tó sọ òwò oyè di ẹ̀ṣẹ̀. Òfin yìí ló mú Maundy Gregory, gbajúgbajà alágbàtà oyè, ní 1933.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀-ọba tú, orúkọ oyè náà wá di àríyànjiyàn. Ní 1969, olórin John Lennon dá MBE rẹ̀ padà, ó sì dárúkọ ipa tí Gẹ̀ẹ́sì kó nínú ogun Nàìjíríà àti Biafra lára ìdí rẹ̀. Ní 2003, akéwì Benjamin Zephaniah kọ OBE, ó ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀-ọba ń rán òun létí oko ẹrú. Ní 2004, ìgbìmọ̀ kan nílé aṣòfin wọn dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìtayọ rọ́pò ilẹ̀-ọba, kí àwọn lẹ́tà náà má sì yí padà. Ìjọba kò ṣe é. Lọ́dún 2004 yìí kan náà ni Yinka Shonibare, ayàwòrán tó dàgbà ní Èkó, gba MBE, tó sì so ó mọ́ orúkọ tó fi ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn àwọn amúnisìn ló ń fi iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ǹjẹ́ bí a bá pààrọ̀ orúkọ, ọ̀rọ̀ ti parí bí? Ẹ jẹ́ ká wo ilé wa. Ní 1964, Nàìjíríà ṣe òfin oyè tirẹ̀, tí kò ní orúkọ ilẹ̀-ọba kankan nínú. Síbẹ̀, Chinua Achebe kọ CFR ní 2004, ó tún kọ̀ ọ́ ní 2011. Gani Fawehinmi náà kọ OFR ní 2008. Kì í ṣe orúkọ oyè ni wọ́n bá jà. Ìwà àwọn ìjọba tó ń fi oyè náà jíǹkí ènìyàn ni.

Lójú tiwa, ó yẹ kí Gẹ̀ẹ́sì pa orúkọ náà dà, nítorí ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ tuntun kò lè wẹ ọwọ́ tó dọ̀tí. Bí a bá ń gbé oyè fún ẹni tó lówó tàbí ẹni tó sún mọ́ ìjọba, tí a gbàgbé ẹni tó ṣiṣẹ́, irin lásán ni yóò kù lọ́rùn ẹni tó gbà á, ìbáà ṣe ní London, ìbáà ṣe ní Àbújá.