Ta Ní Ń Fún Àlejò Lójú?

“Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.” Báyìí ni àwọn àgbà wa wí, báyìí náà ni a sì ń wí nígbàkúùgbà tí òyìnbó kan bá ya ìlú wa, tó wo ọ̀tún wo òsì, tó sì padà lọ ròyìn ohun tí kò yé e. Lẹ́nu àwọn tó jù mí lọ ní Àrándùn ni mo ti gbọ́ òwe náà, n kò sì jẹ́ bá wọn jiyàn lójú wọn. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Òwe náà sọ ohun tó ń ṣe àlejò, kò sọ ẹni tó fi ṣe é. Ojú wà lágbárí rẹ̀, a gbà. Ta ló wá bò ó? Èrò tèmi ni pé onílé ló ń fún àlejò lójú, onílé kan náà ló sì ń fi í dù ú.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Èsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà wa, kò jìnnà sí wa ní Àrándùn. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ ni àwọn ère òkúta wà, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rin, ọkùnrin àti obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú idà lọ́wọ́, ilà wà lójú wọn, irun orí wọn sì jẹ́ irú èyí tí ẹnìkan kì í dì fún ọjọ́ lásán. Ìtàn tí a jogún ni pé àlejò ni gbogbo wọn. Wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n sì di òkúta sórí ilẹ̀ onílẹ̀. N kò lè gbọ́ ìtàn yìí kí n má ronú sí òwe àwọn àgbà. Àlejò nìyí tí ojú wọn là sílẹ̀ láti ọdún gbọ́n-ọn-han, tí ìlú ń ṣọdún fún, tí wọn kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tí wọ́n rí.

Ní 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S. wò, mú òkìkí àwọn ère náà dé etí àwọn tó wà lókèèrè. Nígbà tó di 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà dúró sí Èsìẹ́. Kì í ṣe Èkó, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Ifẹ̀ pàápàá. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Ìgbómìnà máa fi èyí yangàn ju bí a ti ń ṣe lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan dé, Phillips Stevens, tó bá Peace Corps, ẹgbẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni ti Amẹ́ríkà, wá sí Nàìjíríà ní 1963. Iṣẹ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ère Èsìẹ́. Ó kà wọ́n, ó wọ̀n wọ́n, ó ya àwòrán wọn, ó wá orí tó já kúrò lára èyí àti apá tó ṣẹ́ lára ìyẹn. Ìwé rẹ̀ lórí wọn jáde ní 1978 láti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn. Òkúta kì í sọ̀rọ̀. Èèyàn lè fi okùn wọn ère láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu onílé ni yóò ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ àti ohun tó wà fún láàárín ìlú. Àlejò yìí jókòó ti àwọn onílé, ó sì fi ojú rẹ̀ ríran.

Ẹ wá wo ẹlòmíràn láti inú ẹgbẹ́ kan náà. Ní oṣù kẹwàá 1961, nígbà tí òmìnira Nàìjíríà kò ju ọmọ ọdún kan lọ, ọ̀dọ́bìnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Margery Michelmore wà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ìbàdàn. Ara ikọ̀ Peace Corps àkọ́kọ́ tó dé orílẹ̀-èdè wa ni. Ó kọ káàdì pélébé, irú èyí tí kò ní àpò ìwé, sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé. Ó ní ìgboro àti oko ibẹ̀ kò lajú rárá. Ó ní àwọn èèyàn ń gbé títì, wọ́n ń dáná ní títì, wọ́n ń tajà ní títì, wọ́n tún ń yàgbẹ́ níbẹ̀. Káàdì náà bọ́ sọnù kó tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan he é, wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde, wọ́n pín in káàkiri ọgbà. Ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀. Michelmore tọrọ àforíjì, kò sì pẹ́ tó fi padà sí Amẹ́ríkà.

Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ káàdì yìí dá ẹjọ́ lọ́nà púpọ̀. Àwọn kan ní ó purọ́. Àwọn mìíràn ní òótọ́ ló korò lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. N kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tó kọ, ojú rẹ̀ kàn án, nítorí ìyá alákàrà wà ní títì lóòótọ́, ìyá olóúnjẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún un pé ilé wà lẹ́yìn ààrò yẹn, pé obìnrin náà ti jí ní dájí lọ ẹ̀wà, pé owó àkàrà yẹn ló ń rán ọmọ níwèé, bóyá ní yunifásítì tí òun gan-an dé sí. Àlejò náà kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ níbẹ̀. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sùn, yàrá ìjẹun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ti ń jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá ti mú un lọ jókòó ti ìyá alákàrà fún òwúrọ̀ kan péré, káàdì mìíràn ni ìbá kọ. Ìbínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yé mi, nítorí ọmọ tí wọ́n bú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn kò ní ṣàì bínú. Ìbéèrè mi ni pé kí la ti fi hàn án kó tó mú kálàmù?

Ojú ọ̀nà tí kò ṣe é gbà ló la ojú ẹlòmíràn. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì ọmọ ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Ìgbòho ló ní lọ́kàn. Ogun ti di ọ̀nà, ó sì há sí Abẹ́òkúta fún ọdún kan ó lé. Kí ni ọkùnrin tí ọ̀nà dí mọ́ yóò máa ṣe? Ó ń kọ́ èdè. Ó wà níbẹ̀ ní oṣù kẹta 1851 nígbà tí Dàhọ̀mì wá bá Ẹ̀gbá jà, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn. Ó padà sílé, ó gbéyàwó, ó sì mú ìyàwó rẹ̀, Lurana, wá. Ìjàyè ni wọ́n kọ́lé sí, lábẹ́ Kúrunmí, olórí ìlú náà. Níbẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ọmọ náà sí. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. A máa ń sọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó wọ̀nyí bí ẹni pé Bíbélì àti ìbọn nìkan ni wọ́n gbé wá. Tọkọtaya yìí sin ọmọ wọn sí ilẹ̀ wa. Ìyá tó bímọ tí ọmọ kú ní Ìjàyè, àwọn obìnrin Ìjàyè ni yóò kí i kú ọ̀fọ̀, nítorí ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn òkun. Àlejò tí onílé bá ti bá sunkún ti kúrò ní ẹni tí kò fojú ríran.

Ní 1855 ni Bowen dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 1858, ìwé rẹ̀ lórí gírámà àti ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní Amẹ́ríkà láti ọwọ́ Smithsonian. Ìgbéra-ẹni-lárugẹ kọ́ ni bí mo bá rán yín létí pé ọmọ Òṣogùn, Samuel Àjàyí Crowther, ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde láti 1843. Onílé ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lórí ohun tí onílé ti wí ni àlejò ń dúró tó fi ń nàgà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé gbogbo ìdílé Amẹ́ríkà tó bá wa gbé pẹ́ ló ríran bẹ́ẹ̀? Rárá o. Pípẹ́ nìkan kò tó. Òkúta pẹ́ nínú odò, ó ṣì gbẹ nínú. Ní Ìgbájà, nílẹ̀ Ìgbómìnà wa níbí, àwọn míṣọ́nnárì S.I.M., ará Amẹ́ríkà àti ará Kánádà, dá ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì sílẹ̀ ní 1941, ó sì di ilé ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn àlùfáà títí di òní. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì ní fi ẹnu mi já a kulẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìgbé ayé ìdílé míṣọ́nnárì nígbà náà. Ọgbà wọn yàtọ̀. Oúnjẹ agolo ti Amẹ́ríkà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ọmọ bá sì ti tó ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń kó lọ sókè lọ́hùn-ún nítòsí Jos, sí ilé ẹ̀kọ́ Kent Academy ní Miango tàbí Hillcrest nínú Jos fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa kàwé láàárín ọmọ òyìnbó ẹgbẹ́ wọn. Ìbẹ̀rù ibà àti ìfẹ́ ẹ̀kọ́ tó péye ló fà á, a mọ̀. Kò sí òbí tí kò ní rò ó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó dùn mí fún àwọn ọmọ náà. Ọmọ ni ojú ìdílé lájò. Bàbá ń ṣiṣẹ́, ìyá ń tọ́jú ilé, ọmọ ló ń sáré kọjá ọgbà, ló ń gbọ́ àlọ́ lẹ́sẹ̀ ìyá arúgbó, ló ń mọ àṣírí pé “ẹ káàárọ̀” kò tó, kó kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdílé tó bá rán ọmọ rẹ̀ lọ sí Jos ti rán ojú rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ táwọn àgbà ń wí pé, “Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko baba ẹni tó tó ti baba òun.” Ọmọ tí wọ́n fi ọgbà ká mọ́ lórí oko baba ẹlòmíràn, ṣé ó dé ibẹ̀?

Wàyí o, ẹ̀bi wa. Òwe mìíràn wà tí a kì í fẹ́ pa ní gbangba: “Onílé ń jẹ èso gbìngbìndò, àlejò ní kí wọ́n se òun lọ́wọ̀ kan ẹ̀wà.” Àlejò ni a máa ń fi òwe yìí bá wí, pé kò mọ ìṣẹ́ onílé. Èmi á bi onílé pé, ṣé ìwọ sọ fún un? Ẹ wo bí a ti ń ṣe nígbà tí òyìnbó bá wọ̀lú. Adìyẹ tí a kò pa fún ọmọ wa láti ìgbà ọdún, a ó pa á. Àga tó dára jù ni yóò jókòó lé. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò yóò ti ọ̀dọ̀ alájàpá wá láwìn. A ó lé àwọn ọmọdé kúrò lójú fèrèsé. Bí ó bá béèrè pé níbo la ti ń pọnmi, a ó ní kó má ṣèyọnu. Ó lọ sílé rẹ̀, ó ní àwọn èèyàn náà lẹ́rìn-ín lẹ́nu, wọn kò sì ní wàhálà. A gbọ́, a sì ní kò fi ojú ríran! Ọ̀wọ̀ ni ohun tí a ṣe, mo mọ̀. Èmi náà ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tó bo ojú àlejò ṣe àlejò ní ibi, ó sì ṣe onílé ní ibi.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan wa ju àlejò òyìnbó lọ, kó rántí Ghana. Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin, láti Ṣakí, ti kó ìdílé lọ síbẹ̀ ṣòwò, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn kan nínú ọmọ wọn gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kó kúrò. Ọjà tí ẹlòmíràn fi ogún ọdún kó jọ, ó fi í sílẹ̀ tàbí kó tà á ní ọ̀pọ̀. Àwọn èèyàn wa ti mọ ọjà Ghana dáadáa. Ṣé onílé ti mọ̀ wọ́n? Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí onílé mọ ààrò wọn, ọ̀fọ̀ wọn, orúkọ ọmọ wọn? Lónìí, ọmọ Ìgbómìnà wà ní London, wọ́n wà ní Houston, ìdílé lájò ni àwọn náà. Ará ilé kejì wọn ń rí aṣọ aláràbarà ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kò sì sí ẹni tó ń ké sí i wọlé kó wá fi ẹnu kan oyin àti iyọ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun kan ní Àrándùn. Bí ìdílé Amẹ́ríkà kan bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́la, bàbá, ìyá àti ọmọ méjì, ẹ má kó gbogbo wọn sí pálọ̀. Ẹ fún ọmọ àgbà ní kẹ́ẹ̀gì, kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sídìí kànga, kó sì mọ bí omi ti ń wúwo tó lórí. Ẹ rán àbúrò rẹ̀ lọ ra irú lọ́jà, ẹ sì kọ́ ọ kó mọ̀ pé èènì ń bẹ, kó má dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá wọn jókòó ti obìnrin tó ń yan gàrí títí èéfín yóò fi mú un lójú. Bí wọ́n bá sì béèrè ìdí tí ẹnìkan fi ń sunkún ní agbo ilé kejì, ẹ má ní kò sí nǹkan. Ẹ mú wọn lọ síbẹ̀, ẹ kọ́ wọn bí a ti ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kí wọ́n sì wí i fúnra wọn.