NỌ́ŃBÀ Ẹ̀RỌ KÌ Í ṢE ORÚKỌ ÈNÌYÀN



Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn, a kò sì fẹ́ fi pamọ́ fún yín. Ní ilé-kéwú wa ní Alákijà, àwọn òbí dá owó, àwa náà fi kún un, a ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mẹ́rin àti sọ́fítíwíà tí a ó fi máa kọ́ àwọn ọmọ ní Lárúbáwá. Ẹni tí ó tà á fún wa gba owó ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Kò tíì pé ọdún kan tí hard disk inú ọ̀kan fi bàjẹ́. Oníṣẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ jí, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà kọ̀ jálẹ̀, ó ní a kò ní àṣẹ. A pe ẹni tí ó tà á. Ó ní nọ́ńbà hard disk àtijọ́ ni sọ́fítíwíà náà mọ̀, kí a tún owó san. Àwọn ọmọ tí ó ń lo ẹ̀rọ yẹn ń wo ojú wa. Kí ni kí a sọ fún wọn? Pé olè ni wá?

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé fún àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì yé. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà sí ara rẹ̀. Hard disk ní tirẹ̀, motherboard sábà máa ń ní tirẹ̀, ohun tí ó ń so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní èyí tí wọ́n ń pè ní MAC address. Fóònù ní IMEI, òǹkà 15 ni. Ẹ tẹ *#06# sórí fóònù yín, ẹ ó rí i. Sọ́fítíwíà lè ka irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú, kí ó fi sọ pé ẹ̀rọ báyìí ni èyí, kì í ṣe òmíràn.

A kò sọ pé kí ẹni tí ó ṣe sọ́fítíwíà má jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ tí ẹ sì ń tà á, ẹ má fi ọ̀rọ̀ wa bojú. Olè ni olè ń jẹ́, ìbáà ṣe ewúrẹ́ ni ó gbé, ìbáà ṣe sọ́fítíwíà. Ohun tí a ń bá jà ni kí a ra nǹkan, kí a sanwó rẹ̀ tán, kí ẹni tí ó tà á sì so ó mọ́ irin kan ṣoṣo tí ó lè bàjẹ́ lọ́la. Nígbà tí Microsoft gbé Windows XP jáde ní ọdún 2001, òun náà ń ka ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀yà púpọ̀ ni ó ń kà, tí ọ̀kan tàbí méjì bá yí padà, kò ní lé onílé síta. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá lè ro ti ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, kí ló dé tí oníṣòwò àárín wa kò lè rò ó?

Èyí tí ó tún burú jù ni kíkà láìgba àṣẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1999, ilé iṣẹ́ Intel kéde pé Pentium III tí àwọn fẹ́ gbé jáde yóò ní nọ́ńbà nínú tí sọ́fítíwíà yóò lè kà. Àwọn tí ó ń jà fún àṣírí ènìyàn ní Amẹ́ríkà fárígá, wọ́n ní kí ènìyàn má ra ọjà náà. Intel ní àwọn yóò pa á kí ó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Kò pẹ́ tí ìwé ìròyìn c't ti Jámánì fi sọ pé sọ́fítíwíà lè tún un tàn. Nígbà tí Pentium 4 dé ní ọdún 2000, nọ́ńbà náà kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ ò rí i? Àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbọ́ tiwọn. Ní ọdún 2019, Android 10 pàápàá kò jẹ́ kí sọ́fítíwíà lásán ka IMEI fóònù mọ́.

Ọlọ́hun Ọba kọ́ wa nínú Súrà An-Nur pé kí a má wọ ilé onílé láìgba àṣẹ, láìkí àwọn ará ilé. Nínú Al-Hujurat, Ó kọ̀ fún wa láti máa ṣe amí ara wa. Sọ́fítíwíà tí ó wọ inú ẹ̀rọ wa, tí ó ka ohun tí ó fẹ́, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ láìsọ fún wa, ǹjẹ́ ó kí wa ní sàláámù?

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ẹni tí kò jalè kì í bẹ̀rù." Àwa náà kò jalè, síbẹ̀ a ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bí a bá ń wẹ̀.

Ní ti fóònù, ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ìjọba wa sọ pé kí oníkálukú fi IMEI fóònù rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù keje. Lẹ́yìn náà ni NCC ṣàlàyé pé kò sí ẹni tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o wá, ẹ̀rọ ni yóò máa kà á fúnra rẹ̀. Wọ́n ní nítorí fóònù tí wọ́n jí àti èyí tí ó jẹ́ ayédèrú ni. Ìdí náà dára, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀dọ́ tí ó ra fóònù àlòkù ní ẹ̀bá ọ̀nà, láìgba ìwé. Bí wọ́n bá tọpa IMEI rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ó jí i. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń yí IMEI padà, tí nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn yóò fi wà lórí tiwọn. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nọ́ńbà lè fi ẹ̀rọ hàn; kò lè fi ọwọ́ tí ó dì í mú ní ọjọ́ náà hàn.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Oníṣòwò, sọ fún wa kí a tó sanwó pé sọ́fítíwíà rẹ yóò máa ka nọ́ńbà ẹ̀rọ wa, kí o sì fún wa láǹfààní láti gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn bí tàkọ́kọ́ bá kú. Ìjọba, ẹ ti fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ènìyàn ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹ má jẹ́ kí ó di ìwé inú àpótí. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ fi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ẹ má fi parí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má ra fóònù tàbí kọ̀ǹpútà láìgba rìsíìtì tí a kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sí. Bí ẹ bá ń ra sọ́fítíwíà, ẹ béèrè pé, "Bí ẹ̀rọ mi bá bàjẹ́ ńkọ́?" Bí ẹni tí ó ń tà bá ń rojú, ẹ gba ọjà ẹlòmíràn lọ.

Ní tiwa, a kò san owó kejì. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni àwọn ọmọ ń pín lò báyìí, a sì ti padà sí wàláà fún àwọn tí kò rí àyè. Wàláà kò béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí Ọlọ́hun fi òdodo sí àárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà. Àmín. Wasalaam.