Oore-Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Owó-Ọ̀yà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ń fi kọrin ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, tí a sì ń sẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìkórè. Ọ̀rọ̀ náà ni oore-ọ̀fẹ́. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther pẹ̀lú wọn, kò fi ìtumọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún wa: oore ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà pàápàá mọ ohun tí í jẹ́ ọ̀fẹ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a mọ̀wé ń ṣe bí ẹni pé Ọlọ́run jẹ wá ní gbèsè.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn bá wa dúró ní Ọgbà, láàrin Ìkẹjà àti Agége, ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́nu géètì wọn ni àwọn tí ń wá iṣẹ́ òòjọ́ máa ń dúró sí kí ilẹ̀ tó mọ́. Alábòójútó a jáde, a ka iye tí ó fẹ́, a sì ti géètì. Àwọn tí ó kù a jókòó sí ẹ̀bá ògiri, bóyá a ó tún wá ẹnìkan sí i nígbà tí ọkọ̀ ẹrù bá dé. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Àkùkọ kan náà ni ó jí gbogbo wọn.

Orúkọ àdúgbò yìí rán wa létí ọgbà àjàrà inú òwe Olúwa wa, ní ìwé Mátíù orí 20. Baálé ilé náà jáde ní ìgbà márùn-ún láti wá alágbàṣe. Nígbà tí ó di alẹ́, ó fún ẹni tí ó ṣe wákàtí kan péré ní owó gbogbo ọjọ́, ó sì fún ẹni tí oòrùn ti pa láti òwúrọ̀ ní iye kan náà. Inú bí àwọn ẹni ìṣáájú. Ọ̀pọ̀ ìwàásù tí a ti gbọ́ a máa sáré kọjá lórí ìkùnsínú wọn, bí ẹni pé àwọn Júù ìgbàanì nìkan ni í kùn. Àwa gan-an ni! Ẹ sì wo èsì tí àwọn tí ó pẹ́ dé fọ̀ nígbà tí a bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dúró lásán: wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbà wọ́n sí iṣẹ́. Èsì yìí náà ni a ó gbọ́ ní Ọgbà lónìí. Ebi tí ń pa ọmọ nílé kò dín kù nítorí pé wákàtí kan ni baba rẹ̀ rí ṣe. Baálé náà kò fi òógùn wọn díwọ̀n ohun tí ó fún wọn.

(Kí onílé-iṣẹ́ kankan má ṣe fi òwe yìí bojú láti ré owó òṣìṣẹ́. Baálé ilé náà san ohun tí ó bá àwọn ẹni àkọ́kọ́ pinnu, kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó lé ni oore.)

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn ti gbòde láàrin wa. Wọ́n ní ọrọ̀ ni ẹ̀rí pé inú Ọlọ́run dùn sí ènìyàn, àti pé ẹni tí kò ní, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó kéré. Àwa sọ gbangba pé irọ́ ni, ilẹ̀ Agége fúnra rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i. Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi ìjọ St. Paul's Breadfruit sílẹ̀ tí wọ́n sì dá ìjọ African Church sílẹ̀ ní 1901, dá oko kòkó ńlá ní Ìfàkò, tí kò jìnnà sí Ọgbà rárá. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Akíkanjú ènìyàn ni wọ́n. Wọ́n ń gbin kòkó, wọ́n sì ń gbin ìjọ. Àwọn alágbàṣe tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì gbé ìmọ̀ kòkó padà lọ sí ìlú wọn.

Ní 1920 owó kòkó gòkè lọ fíofío. Kí 1921 tó parí, ó ti já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ oníṣòwò àti àgbẹ̀ sì wọ gbèsè. Ǹjẹ́ kí àwọn oníwàásù ọrọ̀ dá wa lóhùn: ṣé olódodo ni gbogbo àgbẹ̀ Agége ní 1920, tí wọ́n sì di ẹlẹ́ṣẹ̀ láàrin ọdún kan? Igi kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni ó ń ro oko náà, àdúrà kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Igi ọ̀hún pàápàá kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá, òkun ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Pọ́ọ̀lù bi àwọn ará Kọ́ríńtì léèrè ohun tí wọ́n ní tí a kò fi fún wọn. Ẹni tí ó gbin kòkó ní Ìfàkò ì bá ronú pẹ́ kí ó tó rí èsì.

Ẹnìkan yóò wí pé bí a bá ń kọ́ ènìyàn báyìí, ta ni yóò tún ṣiṣẹ́? Àwáwí àtijọ́ ni. Àgbẹ̀ mọ̀ pé òjò kì í ṣe tòun. Kò tìtorí bẹ́ẹ̀ sùn nílé nígbà tí ojú ọjọ́ bá ṣú. Pọ́ọ̀lù tí ó kọ̀wé nípa oore-ọ̀fẹ́ ju gbogbo àpọ́sítélì lọ, ó ń pa àgọ́ láti fi jẹun. Ohun tí oore-ọ̀fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa kì í ṣe ọkọ́, bí kò ṣe ìfọ́nnu. Farisí inú ìwé Lúùkù kò parọ́: ó gbààwẹ̀ lóòótọ́, ó san ìdámẹ́wàá lóòótọ́. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó wò, ni ó fi pàdánù.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ yin ọmọ tí ó gba ipò kìíní, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún un pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni tí ó gba ipò ìkẹyìn lọ. Ọmọ méjèèjì ni yóò gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́.

Èmi tí ń kọ̀wé yìí kò mọ́ nínú ẹ̀bi náà. Ní ìjọ kan tí mo ti jẹ́ akọ̀wé, láti orí ẹni tí ó mú owó tí ó pọ̀ jùlọ wá ni a ti í ka orúkọ lọ́jọ́ Ìkórè. Ní ọdún kan, ìyá arúgbó kan dé lẹ́yìn tí a ti kà á tán, ó ká owó rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Mo wí fún un pé, “Ìyá, a ti pa ìwé dé.” Ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó sọ owó náà sínú àwo, ó sì jáde. N kò ṣí ìwé náà.

Ìkórè mìíràn ń bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń gbé àwo káàkiri, ẹ fi ìtẹríba bi àwọn alàgbà yín léèrè nítorí kí ni a ṣe ń ka orúkọ.